Ẹ Má Bá A Sọ̀rọ̀

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa kọ́kọ́ pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwa tí a ń tọ́jú èrò nínú bàálù, imú ni mo yín sí i. Wàláà là ń pè é láàárín ara wa, nítorí bí a ṣe ń gbé e mọ́ àyà kiri jọ ti ọmọ kéwú tó ń sá fún pàṣán. Mo ní kí ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ fẹ́ kọ́ mi nípa èèyàn, èmi tí mo ti ń gbé omi fún èrò láti ìgbà tí bàtà gogoro kò tíì máa dun ẹsẹ̀ mi.

Kò pẹ́ tí ẹnu mi fi wọlẹ̀. Wàláà mọ ẹni tó jókòó síbi kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ẹni tí kì í fi ṣúgà sí kọfí, ó mọ ìyá tí orúnkún ń dùn tó fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó mọ ọ̀gá kan tó máa ń pariwo bí irọ̀rí rẹ̀ kò bá tètè dé. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣàkíyèsí nǹkan kan nípa èrò, yóò kọ ọ́ síbẹ̀, ẹlòmíràn tó bá bá èrò náà pàdé yóò sì kà á. Inú èrò a máa dùn. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé mi sí ọ̀nà tí n kì í gbà tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin tí a jọ ṣiṣẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é torí pé eyín rẹ̀ kì í gbélé, ló mọ ọ̀nà náà bí ẹni mowó. Bàbá kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé lápá ẹ̀yìn. Mo fọwọ́ kan orúkọ wọn lórí wàláà, ọ̀rọ̀ pupa ló yọ sí mi: "Ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gbé omi síwájú rẹ̀, kí ẹ máa lọ."

Mo bi Ẹlẹ́rìn-ín bóyá bàbá náà máa ń jà ni. Ó ní òun kò mọ̀ o, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ àwọn, ó ti lé lọ́dún kan, kò sì sí ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń ṣe bàbá náà lóore.

Mo gbé omi síwájú bàbá. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n fẹ́ la ẹnu, èmi ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í kọjá lára àgbà láìkí i, nítorí náà ara ń ni mí. Ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó kọ ọ́ ló mọ ìdí ẹ̀.

Nígbà tí bàálù fẹ́ balẹ̀, mo ń yẹ bẹ́líìtì èrò wò. Bàbá ti yọ àpótí ìjókòó kékeré kan látinú àpò wọn, irú èyí tí ọmọdé ń jókòó lé. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá ibi tó bá ṣì rí ṣákiṣàki. Iṣẹ́ káfíńtà gidi ni. Ṣùgbọ́n irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí itan èrò bí bàálù bá ń balẹ̀. Wàláà ní kí n dákẹ́, òfin ààbò ní kí n sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé àpótí yìí sókè."

Wọ́n wò mí títí. "Àṣé ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀," wọ́n ní. Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú ni wọ́n ti ń wá wo ọmọ wọn obìnrin àti ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Nílé, àwọn nìkan. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn àti ayùn. Bí wọ́n bá wọ bàálù, a ó rẹ́rìn-ín sí ẹni tó wà lápá ọ̀tún, a ó pe ẹni tó wà níwájú lórúkọ, bó bá kàn wọ́n, a ó fò wọ́n. Wọ́n ti rò ó títí bóyá ara wọn ló ń rùn. Ọ̀nà ilẹ̀ ti kọjá agbára ẹ̀yìn wọn, nítorí náà wọ́n ti sọ fún ọmọ wọn pé ìrìn yìí ni ìkẹyìn. Wọ́n kan àpótí náà kí ọmọ-ọmọ wọn lè rí nǹkan fi rántí wọn.

Inú mi bàjẹ́, ojú sì tì mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí. Àwa mú ojú kúrò lára bàbá, a gbé e lé gíláàsì wàláà.

A kì í jẹ́ kí èrò wo wàláà. Mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ pupa náà, wọ́n tún un kà. Mo ń retí ìbínú, àmọ́ wọ́n kàn mí kanlẹ̀ ni.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Ọjọ́ tí mo ń ti ibi ìsìnkú ìyàwó mi bọ̀. Ẹkún ń gbọ̀n mí. Ọmọbìnrin kan nínú yín bi mí pé kí ni òun lè ṣe fún mi. Mo ní kó bá mi bẹ àwọn èèyàn, kí wọ́n má bá mi sọ̀rọ̀." Wọ́n fọwọ́ nu ojú gíláàsì náà bí ẹni ń nu eruku igi. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ fún, ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn nìkan."

Ẹni rere ni ọmọbìnrin yẹn. Ẹni rere ni àwa náà tí a kà á lẹ́yìn rẹ̀. Kò kàn sí ẹni tó máa ń pa ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ rẹ́ ni, torí kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀fọ̀ ti ń fúyẹ́ lọ́kàn bàbá, ó dúró digbí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa ò béèrè, a rò pé a ti mọ̀.

Mo pa á rẹ́ níṣojú wọn. Ẹ̀rọ alásọjù náà tún ń bi mí pé kí ni òun yóò fi rọ́pò rẹ̀. Mo bi bàbá ohun tí wọ́n fẹ́ kí n kọ.

"Má kọ nǹkan kan," wọ́n ní. "Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, kó bi mí."

Mo gbé àpótí sókè, mo sáré lọ jókòó. Kí bàálù tó dúró, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbà gbogbo tí òun bá ti gbé omi fún wọn ni òun máa ń rìn jẹ́jẹ́, kí bàtà òun má baà dí wọn lọ́wọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, èrò ń sọ̀ kalẹ̀, àwa ń kí wọn. Bàbá dé, àpótí wà lábẹ́ apá wọn. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ orí ba.

"Ó dàbọ̀ sà. Ẹ bá wa kí ọmọ-ọmọ yín."

Bàbá dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n, wọn ò mira. Ojú tí wọ́n ti ń rí láti ọdún kan ó lé ni wọ́n ń wò yẹn.

"Ohùn rẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa," bàbá ní. "Ó di oṣù tó ń bọ̀."