Ìwé Ìpín Simeon

Ẹ má dárúkọ Simeon sí mi létí láàárọ̀ yìí, inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ìlú Ìṣọ̀kan là ń pe ibẹ̀, ní Egan, ọgbà ńlá kan tí gbogbo àwa tó wà nínú rẹ̀ ń wọ sùtánà funfun. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni Bàbá Ọláyíwọlá kó wa jọ síbẹ̀, nígbà tí igbó ṣì dí láti ibẹ̀ títí dé Ìgàndò. Bàbá ní bí àwọn àpọ́sítélì ṣe gbé náà la ó ṣe gbé. Kò sẹ́ni tó ní ilé, kò sẹ́ni tó ní ìkòkò, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wa. Bàtà pàápàá, ti àpapọ̀ ni. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn nínú ọgbà. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìkòtún á wá èyí tó bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu lẹ́nu géètì, tó bá dé á dá a padà. Tíṣà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá sọ fún Bàbá pé ìjọba kọ́múníìsì là ń ṣe. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó bá wù ú ni kó pè é, kó ṣá ti má wọ bàtà wa lọ.

Èmi Lucy, ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣe olórí. Bọ̀dá mi Olúsànyà, ìyá kan náà, bàbá kan náà, ló mú mi wá síbẹ̀ nígbà tí ọkọ mi fi oyún Tolúwalọpẹ́ sí mi nínú tó sì lé mi síta. Káfíńtà ni bọ̀dá mi. Òun ló kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nínú ọgbà yẹn, kò sí èyí tí kò kàn. Tó bá sì dìde láti wàásù, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì á dúró gbọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé bí Bàbá bá lọ, òun ló kàn. Òun náà mọ̀ ọ́n jù, ohun tó kó bá a nìyẹn.

Simeon ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ìwé ìpín ló ń kọ. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìwé ìpín ló ń sọ ẹni tó máa sùn sí yàrá wo, ẹni tó máa lọ sí oko, ẹni tó máa ṣe búrẹ́dì, ẹni tó máa ṣọ́ géètì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ibì kan ti di tòun. Iṣẹ́ ìyà ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sunkún sí i lọ́rùn pé òrùlé àwọn ń jò. A sọ ọ́ ní Akọ̀wé Ẹní, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kánrin. Àwa àgbà tó yẹ kó gbọ́n, a ò rò ó pé àwọn olórí ibi iṣẹ́ méjèèje ni ìgbìmọ̀ ìlú, ìwé ìpín ló sì ń sọ ẹni tó máa jẹ́ olórí ibi iṣẹ́. Àṣìṣe wa nìyẹn, ojú wa sì là sílẹ̀ kedere tí a fi ṣe é.

Bàbá nìkan ló rí i, ó sì ti pẹ́ kó tó rí i. Lórí ibùsùn àìsàn ló ti ní kí n mú bírò wá. Ó sọ, mo kọ. Ó ní kí a gba ìwé ìpín lọ́wọ́ Simeon, pé agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì ní fi sùúrù lò ó. Ó ní Olúsànyà ló gbọ́n jù nínú wa, àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ pọ̀, kí àwọn tó kù máa bá a wí. Ó ní kí a ka ìwé náà sétí gbogbo ìjọ. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ló sùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ka ìwé náà fún ìgbìmọ̀. Simeon bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbé ìwé ìpín sílẹ̀, kí wọ́n fún ẹlòmíì. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ti fún wa lẹ́ran, ó fún wa lọ́bẹ? Bọ̀dá mi kò gbọ́ ju ìgbéraga lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ìwé yẹn kò gbọ́dọ̀ dé etí ìjọ, pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá. Ó wá kọjú sí Simeon, ó ní kó dìde, kó máa bá ẹní rẹ̀ kíkà lọ, ta ló fẹ́ du iyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Simeon náà nu ojú nù, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ni mo tọ́jú ìwé náà.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìpín àkọ́kọ́ tí Simeon fi sórí Wasáàpù lẹ́yìn ikú Bàbá, ó gbé olórí àwọn ẹlẹ́búrẹ́dì, ọ̀rẹ́ bọ̀dá mi, lọ sí oko wa lọ́nà Àgbárá, níbi tí kò sí iná, tí ẹ̀fọn ń jẹni bí ẹran. Ìpín kejì, ó kan àwọn aṣọ́géètì. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun máa wà lẹ́yìn rẹ̀ á bọ́ sí yàrá tó ní fáànù. Nígbà tí ọdún fi yí po, nínú àwọn méje tó wà nígbìmọ̀, èmi àti bọ̀dá mi nìkan ló kù tí kì í ṣe ti Simeon. Bọ̀dá mi ṣì ń wàásù. Ó ń sọ̀rọ̀ Simeon lórí pẹpẹ ní gbangba, ó ń pè é ní eku inú ilé, ó sì rò pé bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe hallelúyà yẹn, tòun ni wọ́n ń ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Simeon wá bá mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè orúnkún mi. Ó ní òun gbọ́ pé yàrá Tolúwalọpẹ́ ń jò sórí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Yàrá kan ṣófo nínú ilé tuntun, ó ní òun ò tíì mọ ẹni tí òun máa fún. Ó tún ní wọ́n ń wá abiyamọ kan tó lè máa se oúnjẹ lóko Àgbárá. Ó wá ní lọ́jọ́ Ìsinmi ìjọ máa ṣèpàdé lórí Bọ̀dá Olúsànyà, pé ìwé àtijọ́ kì í tún ìlú ṣe. Mo fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù yẹn lù ú lẹ́nu, mo búra fún yín. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì ni bọ̀dá mi wá. Ìgbéraga ti wábi gbà. Ó jókòó sórí ìdìpọ̀ aṣọ, ó ní àfi ìwé Bàbá ló kù, pé bí ìjọ bá gbọ́ ohùn Bàbá, wọn ò ní lè lé òun. Ó bẹ̀ mí pé kí n dìde kà á. Mo ní màá kà á. Ìgbà tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni mo rò pé mo ń sọ.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti géètì. Ẹ̀sùn wọn ni pé Olúsànyà ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ. Bọ̀dá mi sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa ju bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnì kankan ò mira. Gbogbo wọn ló ń ro ibi tí àwọn máa sùn. Ó wá yíjú sí mi.

“Lucy, dìde, kí o ka ìwé tí Bàbá ní kí o kọ.”

Ìwé náà wà ní àyà mi, lábẹ́ sùtánà. Mo wo Tolúwalọpẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìwé wo, bọ̀dá mi?”

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó lọ nawọ́ sókè. Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, Simeon kò sì wo àwọn tó ti nawọ́, àwa tí a ò tíì nà án ló ń wò. Mo na tèmi. Òfin wa ni pé ẹni tó bá ń lọ kò gbọ́dọ̀ mú ohun àpapọ̀ dání. Wọ́n gba òòlù àti ayùn tó mú wá láti ilé ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ti ìlú ni. Ó kọjá níwájú mi, kò wò mí.

Tolúwalọpẹ́ rí yàrá tuntun. Ìpín tó tẹ̀lé e, mo wá orúkọ mi nínú ìwé títí, n ò rí i. Kò sí ní ìfọṣọ, kò sí lóko, wọn ò kọ yàrá kankan sí i. Mo sáré lọ bá Simeon, mo bú u, mo ṣépè fún un, mo rán an létí ohun tí mo ṣe fún un. Ó jẹ́ kí n bú u tán. Ó fi mí jókòó, ó bu omi fún mi.

“Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó lè nawọ́ sókè pé kí wọ́n lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá kàn mí, ta ló máa di ọwọ́ yẹn mú?”

Òótọ́ ló sọ, òun ló ń bí mi nínú títí di òní. Ìdímù ni mo wà báyìí. Bọ̀dá mi náà háyà yàrá kan níbẹ̀, kò ju òpópó mẹ́ta lọ sí tèmi, n ò sì tíì lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.