Ọmọ tí Ẹnikẹ́ni Kì í Dá Lóhùn

“Bà-bà-bà!” Ọmọ Màdáámù ń fọwọ́ gbá omi nínú ọpọ́n ìwẹ̀.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dé ni?” ni olùtọ́jú rẹ̀ fi dá a lóhùn.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó tún ké ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn. “Má jẹ́ kí ilé pa lọ́lọ́ mọ́ ọmọ mi o,” ni Màdáámù ti kìlọ̀ fún un. “Ohun yòówù tó bá wí, dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Obìnrin yìí náà ní ọmọ lọ́wọ́. Oyin ló ń pè é. Ẹgbẹ́ ni òun àti ọmọ Màdáámù. Bàbá Oyin kú kí wọ́n tó bí i, kò sì sí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ìyá rẹ̀ lè gbé e fún. Nítorí náà, láràárọ̀ ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú ọmọ àwọn aláìní nínú yàrá kan ṣoṣo. Màmá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé a kì í gbọ́ igbe ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbàkígbà tí obìnrin náà bá sì padà wá gbé Oyin, oorun ló máa ń bá lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màdáámù tètè dé, ó ní kó máa lọ sílé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ tò sórí ẹní, wọ́n lajú sílẹ̀, wọ́n ń wo àjà. Kò sí èyí tó dún pínpín nínú wọn. Màmá Jẹ́jẹ́ ń da oògùn ikọ́ sínú ṣíbí.

“Màmá, ta ló ń húkọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ń húkọ́. Kí wọ́n lè sùn ni. Èmi nìkan ni mo wà níbí, ọmọ mi.”

“Ẹ kì í bá wọn sọ̀rọ̀ ni?”

“Kí ni n óò máa bá ọmọ ọwọ́ sọ? Wọ́n máa ń dún nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé. Tí wọn ò bá ti gbọ́ èsì, wọ́n á jáwọ́.”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Oyin mi, bà-bà-bà.”

Oyin la ẹnu gbàgà. Ìyá rẹ̀ rò pé ohùn ló ń bọ̀. Ṣíbí ni ọmọ náà ń retí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọn Oyin lọ síbi iṣẹ́, ó sì kúnlẹ̀. “Màdáámù, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó máa wà pẹ̀lú wa. Kò ní dí mi lọ́wọ́.”

Màdáámù ta ìka níwájú ọmọ náà. “Kì í dún ni?”

“Ó ti ń dún tẹ́lẹ̀, mà.”

“Ó mà ṣe o. Àánú ẹ ṣe mí, ṣùgbọ́n ọmọdé ń kọ́ ìwà lára ọmọdé. N ò fẹ́ kí tèmi kọ́ dídákẹ́ lára rẹ̀. Sáré gbé e padà, ọmọ mi, ọ̀rẹ́ ẹ, ti jí.”

Ó gbé e padà. Lẹ́nu ọ̀nà Màmá Jẹ́jẹ́, ó fi ẹnu sí i létí, ó ń sáré sọ gbogbo ohun tó yẹ kó bá a sọ látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́ ẹ sáàárín àwọn yòókù, ó sì yára padà lọ bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀.