Iná Iwájú Ọkọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ jókòó ti ìwé yìí, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú iṣẹ́ ọjọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó kọ́kọ́ dá ìmọ́lẹ̀ kó tó dá ojú tí a ó fi máa wò ó. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti tọkọtaya kan fún yín.

Bàbá Jẹ́jẹ́ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù náà sì gbọ̀n rìrì kó tó dúró. Àwọn agbọ̀n tòmátì tó wà lẹ́yìn kọlu ara wọn. Níwájú ọkọ̀, níbi tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kàn, ìtì igi ńlá kan dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí ẹni tó ń sùn nínú ilé baba rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di àpò mọ́ àyà.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni. Ọ̀nà oko ni wọ́n wà, níbi tí kò sí òpó iná kan ṣoṣo, tí igbó sì pa ẹnu pọ̀ lókè. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń sáré. Àìsáré rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́jẹ́. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní bí ìgbín bá wà níwájú ọkọ̀ rẹ̀, kí ìgbín náà fọkàn balẹ̀, kò ní í lé e bá.

Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yí ìtì igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n padà wọnú ọkọ̀, Bàbá Jẹ́jẹ́ kò yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "ojú mi ti ń lọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ni."

Ó wá tú gbogbo ohun tó ti ń dì mọ́ inú kalẹ̀. Ó ní òun ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tí yóò wá ra ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn yóò kó lọ bá àkọ́bí àwọn nílùú ńlá, òun yóò sì máa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kí òun máa wo ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fọwọ́ pa ìdarí ọkọ̀ náà lára bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Àtìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ló ti ń wakọ̀. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ òmíràn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Èmi náà ò rí igi yẹn."

"Ìwọ náà kẹ̀?"

"Mi ò rí i. Mo ti ń rò ó pé ojú tèmi náà ló ti ń lọ, tí mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló wọlé. Lánàá, lórí àga ìjọ tó wà lẹ́yìn pátápátá, mo ka nọ́ńbà orin tí wọ́n kọ sára ògiri iwájú. Ṣé ojú tó ka ìyẹn ni kò ní í rí ìtì igi? Àbí ojú àwa méjèèjì jọ ṣèpàdé pé àwọn fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan náà ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì rọra wa ọkọ̀ délé bí ẹni tó gbé ẹyin lórí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní bóyá iná ọkọ̀ ló lẹ́bi, kì í ṣe ojú, wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo gáréèjì ń pè ní Mọ̀nàmọ́ná. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò sì ní ju abà onípáànù kan lọ. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní kó fi gílóòbù tó bá lágbára jù lọ sí i, èyí tó lè sọ òru di ọ̀sán. Mọ̀nàmọ́ná kọ̀. Ó ní wáyà tó wà nínú ọkọ̀ náà tín-ín-rín, irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ yóò jó o.

"Àti pé, Bàbá, ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yín náà ní ìyá tó ń retí rẹ̀ nílé. Ẹ má fọ́ ọ lójú."

Ó tú ojú iná iwájú kan, ó sì tan án. Gílóòbù náà mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n yíjú. Ó dá ojú iná náà padà, ìmọ́lẹ̀ náà sì di ràì-ràì bí fìtílà nínú èéfín. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú iná náà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ta ló ń fọ iná yìí fún yín?"

"Ìyàwó mi ni," Bàbá Jẹ́jẹ́ ní, ó gbé àyà sókè. "Kò sí ọkọ̀ tó mọ́ tó tèmi ní gbogbo gáréèjì yìí."

Òótọ́ ni. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, obìnrin náà a kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀, a máa fọ ojú iná méjèèjì, a sì máa gbàdúrà kí Ọlọ́run la ọ̀nà níwájú ọkọ òun.

"Kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́, ìyá wa?"

"Kànìnkànìn onírin ni, pẹ̀lú eérú díẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ ti ọkọ̀ wa àtijọ́ nìyẹn, ó sì máa ń dán."

"Gíláàsì ni ti ọkọ̀ àtijọ́, ìyá wa. Ike ni èyí. Ẹ ti ha á bí ìdí ìkòkò."

Omijé lé sí ojú obìnrin náà. Ọwọ́ tó fi ń tọrọ ọ̀nà fún ọkọ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kó ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì ni ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ìwọ lò ń bẹ Ọlọ́run kó la ọ̀nà, tí o tún ń fi irin dí i? Dúpẹ́ pé àdúrà ló gbọ́, kò wo kànìnkànìn."

Ni òun náà bá rẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ síbẹ̀.

Mọ̀nàmọ́ná mú bébà tí káfíńtà fi ń dán igi, èyí tó kúnná, ó rì í sómi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ojú iná náà. Omi funfun bíi wàrà ń ṣàn sílẹ̀. Obìnrin náà ní òun ló ba méjèèjì jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún ọ̀kan ṣe. Rewáyà náà fún un ní bébà tó kúnná jù lọ, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rọra yí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi aṣọ rírọ̀ àti òróró ìdán dán an, wọ́n sì fi ọ̀dà tó mọ́ gaara kùn ún kí oòrùn má bàa tún bà á jẹ́. Mọ̀nàmọ́ná fi wáyà tó nípọn pààrọ̀ èyí tó tín-ín-rín, kí agbára bátìrì lè dé ibi iná láìdín. Nígbà tí ojú ọjọ́ rọ̀, ó kọ ojú ọkọ̀ sí ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó sì ń yí síkúrù tó di iná náà mú títí ìmọ́lẹ̀ fi dúró sí abẹ́ ìlà, tó ń wolẹ̀ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gba ọ̀nà oko. Bàbá Jẹ́jẹ́ tan iná, ọ̀nà sì tẹ́ kalẹ̀ níwájú wọn bí ẹní tuntun. Wọ́n rí ewé koríko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n rí òkété kan tó dúró lọ́nà jíjìn tó ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá Jẹ́jẹ́ rẹ iná sílẹ̀ fún un, awakọ̀ náà sì fọn fèrè, ó fi dúpẹ́.

Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì pe ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ó ní òun ò tà á mọ́. Ọkùnrin náà bi í bóyá ẹlòmíràn ló ti gbà á.

"Rárá o, arákùnrin," ó ní. "Èmi náà ni mo gbà á."

Nígbà tí wọ́n dé oríta, ọ̀nà ilé wà lápá òsì. Ọ̀nà àwọn abúlé orí òkè wà lápá ọ̀tún. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń yẹra fún àwọn ará ibẹ̀ nítorí òkùnkùn, tó ń sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì ni kò dára. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ sọ fún wọn kí wọ́n di ẹrù wọn sílẹ̀ de àfẹ̀mọ́júmọ́ ọ̀la."

Ó yà sí ọ̀tún. Obìnrin náà dá orin ìyìn, ọkọ rẹ̀ sì gbà á ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ọkọ̀ náà ṣe ń gun òkè lọ, jẹ́jẹ́.

Ìwọ tó o ka ìtàn yìí, ọ̀nà rẹ kò ní í ṣókùnkùn. Ọwọ́ tó ń ṣe ọ́ ní oore kò ní í ṣèèṣì ṣe ọ́ níbi. Ibi tí o ti sá fún, wàá fi ayọ̀ padà síbẹ̀. Àmín.