Eyín Tó Kẹ́yìn Lápá Ọ̀tún

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi pìánò jẹun. Mo ti tẹ̀ ẹ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá àti kékeré, mo sì ti kọ́ ọmọ tí mi ò lè kà tán. Wọ́n ní mo le jù. Òótọ́ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi eyín kan tẹ̀ nígbà tí mo wà ní bálùwẹ̀ (eyín ni mò ń pe àwọn pátákó funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀), láti ibẹ̀ ni màá ti sọ pé, “Ìka kẹrin tún ti ń ṣọ̀lẹ.”

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wà lára àwọn tí mò ń kọ́. Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń pè é, torí ìka rẹ̀ ò lágbára. Orin tí èmi fúnra mi fẹ́ tẹ̀ ní gbọ̀ngàn ní Sátidé, pẹ̀lú ogójì olórin lẹ́yìn mi, ni òun náà ń kọ́ ìparí rẹ̀. Ìparí ọ̀hún ń gòkè pẹ̀lú ohùn tó ń tínrín díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kan eyín tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá Jẹ́jẹ́ jà pé kì í tẹ eyín yẹn.

“Mo tẹ̀ ẹ́, Àǹtí.”

“Ṣé etí mi ló wá di ni?”

Ó sunkún. Mo ní kó nu ojú, kó tún un ṣe.

Nígbà tó yá, mo ní bóyá pìánò ló ń ṣàìsàn. Mo ránṣẹ́ pe atúnpìánòṣe lọ́jọ́ Túsídeè. Òun ló ń tún gbogbo pìánò ìlú ṣe, títí kan ti gbọ̀ngàn. Ó ṣí ìdérí, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú, ó tẹ eyín náà lẹ́ẹ̀mẹta.

“Kò sóhun tó ṣe é, mà. Ó ń dún gooro.”

Ìró igi tó kan igi nìkan ni mo gbọ́. Mo ní, “Bí ẹ ò bá rí nǹkan, ó ti dáa,” mo sì fi ẹ̀rín bò ó. Ó wò mí pẹ́ díẹ̀ kó tó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkùnrin yìí sì ń wọ gbogbo ilé tí pìánò wà.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ń tẹ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárín lọ sápá ọ̀tún. Nígbà tó ku mẹ́fà, ohùn pòórá. Mo tún tẹ̀ wọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Ó wá di méje. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ fún adití pé kó kọ́ ọ lórin? Ta ni yóò jẹ́ kí n gun orí ìtàgé ní Sátidé? Mo pinnu pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ orin náà látorí. Màá máa ka ìwọ̀n rẹ̀ lọ́kàn.

Jẹ́jẹ́ dé ní agogo mẹ́rin, màmá rẹ̀ sì ń dúró dè é nínú mọ́tò níta. Mo kọjú sí fèrèsé bí ìṣe mi, torí n kì í wo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó dé ìparí, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

“Ó dáa gan-an,” mo ní. “Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ.”

Mo yíjú padà. Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè eyín náà.

“Àǹtí, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí.”

Mo jókòó tì í. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi: mo lè ní mò ń dán an wò ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi pe ọmọ yìí ní òpùrọ́.

“Lọ pe màmá ẹ wá nínú mọ́tò.”

Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹjọ́ mi sùn. Màá tẹ̀ ẹ́.”

“Kì í ṣe ẹjọ́ tìẹ,” mo ní. “Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ sùn.”