Èéfín ní Yídì

3.

…ni mo tún un ṣe. Èmi Tájù."

Alhaji Odùbánjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ mọ́tò rẹ̀ kọjá nínú yanrìn Yídì ni. Ó pẹ́ dé ìrun ọdún. Èéfín dúdú bo ìlà ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ló wọ funfun. Bàbá arúgbó kan ń gbọn agbádá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dúdú rẹ̀ túbọ̀ ń tàn kálẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?" ni Alhaji béèrè.

Kàsímù, tí a jọ ní ṣọ́ọ̀bù, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Mo rí ojú Mùínàt láàárín àwọn obìnrin. Ìyẹn ni mo ṣe dáhùn pé èmi ni.

1.

Alhaji ni bàbá Mùínàt, ẹni tí Kàsímù fẹ́ fẹ́. Ohun tó sọ fún Kàsímù nínú ààwẹ̀:

"Bí mọ́tò yìí bá gbé mi dé Yídì láìsí wàhálà, kó àwọn èèyàn ẹ wá tọrọ ọmọ."

2.

(Ṣọ́ọ̀bù wa ní Ajah, èmi àti Kàsímù.)

TÁJÙ: Nọ́súlù tó ń fọ́n epo, èyí tí mo rí rà, tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà mọ́tò náà ò mọ̀. Bó ṣe ń ṣí i tẹ́lẹ̀ náà lá ṣe máa ṣí i, epo á pọ̀ jù. A gbọ́dọ̀ tún un sẹ́ẹ̀tì.
KÀSÍMÙ: Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.
TÁJÙ: Ṣé o mọ̀ ọ́n?
KÀSÍMÙ: Àna mi ni, ọ̀rẹ́. Jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi.
TÁJÙ: Mo ní ṣé o mọ̀ ọ́n?
KÀSÍMÙ: Ṣebí skúrù náà ni?

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

4.

Skúrù kékeré ni Kàsímù ti yí kó tó di ọjọ́ ọdún, bí a ṣe ń ṣe fún kabúrétọ̀ mọ́tò tí kò ní kọ̀ǹpútà. Mọ́tò náà kùn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí ìdúró. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó lọ ra bàtà ọdún.

5.

ÌKÌLỌ̀!!
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌ́DỌ̀ GBÉ MỌ́TÒ FÚN TÁJÙ MỌ́.
Ẹgbẹ́ Mẹkáníìkì. Oṣù Kẹfà, 1986.

(Ọwọ́ Kàsímù ló kọ ọ́. Òun ni akọ̀wé.)

6.

Ẹ̀yìnkùlé ni màmá mi ń gbà lọ sọ́jà báyìí.

7.

KÀSÍMÙ: Bàbá Mùínàt gbé mọ́tò náà fún mi. Wọ́n ní kí n tún ohun tí… kí n tún un ṣe.
TÁJÙ: Ohun tí ta ló bà jẹ́?
KÀSÍMÙ: Jọ̀ọ́. Ọjọ́ Àìkú la fẹ́ lọ tọrọ ọmọ.
TÁJÙ: Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ṣí àpótí afẹ́fẹ́, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó. Yí jíà inú rẹ̀, eyín kan lẹ́ẹ̀kan, kí sípíríǹgì le, kí epo lè dín kù. Wà á dé Ṣàngótẹ̀dó, kí o yọ pílọ́ọ̀gì wò. Bó bá dúdú, tún un yí. Bó bá ti rí bí èèpo ẹ̀pà, fi sílẹ̀.

8.

Wọ́n wa mọ́tò náà kọjá níwájú mi. Kàsímù ló wà á. Alhaji yọrí lójú fèrèsé: "Tájù! Wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́!"

Mo wo ẹ̀yìn mọ́tò. Kò sí èéfín rárá.

Inú mi dùn. Ìyẹn ló tì mí lójú jù.

9.

Iṣẹ́ tí Mùínàt rán Sìdíkàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sí mi:

"Bọ̀ọ̀dá Tájù, mo mọ Kàsímù, mo sì mọ̀ yín. Kí wọ́n tó gba owó orí mi lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sọ fún mi. Ta ló tún mọ́tò bàbá mi ṣe?"

10.

Sìdíkàt ṣì dúró.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo nu ọwọ́ mi. Kò sí epo lọ́wọ́ mi mọ́, láti ọjọ́ wo.

"Sọ fún un pé èmi…