Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Oko Àrówólò

Ọjọ́ tí Àrówólò kọ́kọ́ sọ pé òun rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lóko òun, Faruk ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ajá ni. Ajá ló kún gbogbo Ashaiman."

"Mo mọ ajá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo jókòó sí yìí, ṣé ẹ rí mi dáadáa?"

Òótọ́ ni Faruk sọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó sọ ọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan bí ìkùukùu ti bo ojú Àrówólò. Dókítà ní àwọn lè bá a yọ ọ́ kúrò, Àrówólò sì fèsì pé kò sí ọ̀bẹ tí yóò kan ojú òun láyé òun. Ìró ẹsẹ̀ èèyàn ló fi ń mọ ẹni tó wọlé. Ó ti fi ṣọ́ọ̀bù tó ní ní ọjà Tudu sílẹ̀ fún Faruk, ó gba ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìlú Ashaiman, ó gbin àgbàdo àti ẹ̀pà sí i, ó sì háyà yàrá kan tó ń sùn sí nítòsí ibẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó mú un wá sí Accra. Láti ìgbà tó ti padà di olóko ni ara rẹ̀ ti yá gágá.

Faruk àti Rasheedah àbúrò rẹ̀ fojú sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pe ìyá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí Bàbá má lọ sóko mọ́. Ẹni tó bá ń pe ajá ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lónìí, ó lè pe ejò ní okùn lọ́la. Màmá ló lè sọ ọ́ tí Bàbá á gbọ́.

Mùnírátù, ìyá wọn, ń ta aṣọ àti ọṣẹ dúdú ní àdúgbò Kotobabi ní Accra. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Gbogbo igbó tó mọ̀ láyé rẹ̀, ojú fèrèsé ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní tròtrò ló ti rí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wò ó ná." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ajá ọ̀hún bá ti jáde, òun á rọra fi han ọkọ òun, wọn á jọ rẹ́rìn-ín, òun á sì mú un bọ̀ wálé. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó di aṣọ méjì, ó tẹ̀lé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, Àrówólò kúnlẹ̀ láàárín ebè méjì, ó ń fi ìka tọ ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Ìyá Faruk, wá wo ẹsẹ̀ yìí. Ti ajá máa ń fẹ̀, a sì rí róbótó. Èyí ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Ajá a máa rìn bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀, á yà síbí, á yà sọ́hùn-ún. Èyí kì í yà. Ibi tí ẹsẹ̀ iwájú bá tẹ̀ ni tẹ̀yìn náà ń tẹ̀. Tẹ̀ lé e kí o rí i."

Mùnírátù tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ náà lọ tààrà bí ojú maṣínnì lára aṣọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀pà kọjá, ó wọ inú koríko.

Afua, tó ń gbin ilá ní oko kejì, dá sí i lédè Twi. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí *sakraman* kẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń pe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, lójú tòun, ẹ̀tà lèyí. Àrówólò mi orí. Ojú kan náà ni ẹ̀tà máa ń yàgbẹ́ sí lójoojúmọ́, gbogbo èyí tí òun sì ti rí lóko yìí, káàkiri ni, irun èkúté ló kún inú wọn.

"Bàbá Faruk, ìgbẹ́ náà lẹ tún ń tú wò?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ oúnjẹ rẹ̀?"

Ní ọjọ́ kejì, wọn ò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹta. Mùnírátù á di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú ọ̀nà tóóró náà, wọn á jókòó sẹ́yìn ọ̀gán kan, wọn á máa retí, oòrùn á sì mú wọn padà sílé lọ mu kókó. Àánú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa bá a sọ jọ lọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ohùn kan dún láti inú koríko. Kì í ṣe gbígbó ajá. Ohùn tín-ín-rín ni, ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́. Àrówólò gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ó ń bọ̀."

Koríko mì. Ẹranko kan yọjú, ó dúró gbọnin ní etí oko.

"Bàbá Faruk! Ṣé ẹ rí i?" Ó rọra sọ ọ́ sí i létí.

Ọkùnrin náà mi orí, ó ní, "Mi ò rí i. Mi ò tíì rí i rí."

"Ẹ ẹ̀ tíì rí i?"

"Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ohùn tí mo máa ń gbọ́ lóko bàbá mi. Bí mo bá ní mo gbọ́ ọ, ta ló máa gbà mí gbọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mo rí i." Ó gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀. "Jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Báwo ló ṣe rí?"

Ogójì ọdún ni Mùnírátù ti fi ń júwe aṣọ fún oníbàárà, ó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ó kéré sí ajá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n po mọ́ iyẹ̀pẹ̀."

"Ẹnu ńkọ́?"

"Ó rí ṣóṣóró. Etí rẹ̀ nà sókè."

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣé ìlà wà níbẹ̀?"

"Ìlà funfun kan, láti èjìká dé ìbàdí."

"Ìrù?"

"Ó kún, ó dúdú, àmọ́ ṣóńṣó rẹ̀ funfun báláú."

Àrówólò mí kanlẹ̀. "Òun ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni bàbá mi ń pè é. Akátá ni àwọn ará abúlé kejì ń pè é. Wọ́n fi orúkọ yẹn bá ara wọn jà títí bàbá mi fi kú."

Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, orí kékeré méjì yọ láti inú ihò kan nísàlẹ̀ koríko. Mùnírátù gbàgbé ara rẹ̀. "Ọmọ! Ó bímọ! Méjì!" Ìyá àwọn ọmọ náà wo apá ọ̀dọ̀ tọkọtaya náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pòórá. Àrówólò rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an, Mùnírátù pe Faruk lórí fóònù. "Mo fojú ara mi rí i. Bí bàbá yín ṣe sọ náà ló rí." Kò sọ èyí tó kù fún un, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí dòní.

Rasheedah, tó jẹ́ olùkọ́, yá kámẹ́rà kan tó ń dá yàwòrán, ó so ó mọ́ igi nítòsí ihò náà. Àwòrán jáde kedere. Faruk wá láti Tudu, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá rẹ̀, ó sì gbé fóònù tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀ sí i níwájú. Àrówólò sún un mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló rí.

"Ó dáa," ó ní, ó sì dá fóònù padà.

Mùnírátù ò lè wò ó. Ó lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ, Àrówólò pè é.

"Ìyá Faruk, ọ̀bẹ dókítà yẹn, ṣé ó máa ń dunni?"

"Ìyá Mọ́nsúrù oníbàárà mi ṣe tiẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lára."

"Ìyá Mọ́nsúrù máa ń purọ́."

"Ó ń ríran báyìí, ó rí ìdọ̀tí lára aṣọ tí mo tà fún un."

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Láti ilé dé ọsibítù, Àrówólò ò fọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ní kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, dókítà ní ó lè lọ sóko. Wọ́n bá ihò náà lófo, òjò ti wó ẹnu rẹ̀. Rasheedah ní àwọn ọmọ á ti dàgbà, wọn á ti ṣí lọ. Síbẹ̀, wọ́n ń lọ láràárọ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, oòrùn ti là nígbà tí ọ̀kan la orí ebè kọjá lókèèrè, èkúté lẹ́nu rẹ̀. Kò sáré. Ó dúró, ó wò yíká, ó fi ìrù rẹ̀ gbá ewé ẹ̀pà, ó lọ.

Àrówólò wò ó títí ó fi wọ inú koríko.

"Ìyá Faruk, o ò sọ fún mi pé ó rẹwà tó báyìí."

"Mo sọ ọ́. Ìbéèrè yín ni kò jẹ́ kí n fi ẹnu sinmi."

Àrówólò ní ó dáa, kó wá tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mùnírátù sì bẹ̀rẹ̀ láti orí etí.