Àkẹtẹ̀ Bronwyn

“Wo bó ṣe gbé àkẹtẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀,” ni Bronwyn sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí Tegan létí. “Ó dorí ẹ̀ kodò bí àwo ọbẹ̀. Ṣé ẹni tó mọ àkẹtẹ̀ í dé nìyẹn?”

Tegan, tó ń yí okùn gòjé rẹ̀ le, wo ọ̀hún. Lóòótọ́, àkẹtẹ̀ Clem, ọ̀dọ́kùnrin tó ní màlúù lòun ń dà nílé, wà lórí tábìlì, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ lókè. Ó mọ́ nini, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

“Bóyá ó kàn fẹ́ràn ìmọ́tótó ni,” ni Tegan wí.

“Ọmọ tó ń da màlúù wo ló ń mọ́ tó yẹn? Ọmọ ìgboro Sydney ni bọ̀bọ́ yìí. Bí mo bá purọ́, kí wọ́n gba gìtá mi.”

Glenys Pascoe, gbajúmọ̀ olórin tó fẹ́ sọ wọ́n di akọrin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní Tamworth, ìlú orin oko àti màlúù, dúró níwájú kíláàsì. Fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri fi ogún ọdún kéré sí i, abẹ́ fọ́tò náà gan-an ló sì máa ń dúró sí nígbà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ni.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ló wí, “lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan nínú yín ló máa ṣíwájú mi lórí pèpéle, ẹni náà ló sì máa bá mi kọrin kiri lọ́dún yìí. Mi ò wá ohùn. Ohùn pọ̀ ní Tamworth ju eṣinṣin lọ. Òótọ́ ni mò ń wá. Ẹni tó bá kọrin irọ́ níwájú mi, imú mi á gbọ́ òórùn ẹ̀.”

Ó ti pẹ́ tí Glenys ti ń gbé nínú ilé gogoro kan létí òkun, ṣùgbọ́n kò sí orin rẹ̀ tí kò ní ẹṣin nínú.

Bronwyn fọwọ́ kan etí àkẹtẹ̀ tirẹ̀, tó ti gbó, tí eruku ti jẹ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé àárín màlúù lòun dàgbà sí. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju ìsinmi méjì tó lò lóko bàbá ìyá rẹ̀ ní kékeré. Ní Penrith, létí Sydney, ọ̀dọ̀ dókítà eléyín ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba àwọn aláìsàn wọlé, tó ń pe orúkọ wọn tó bá ti kàn wọ́n. Àkẹtẹ̀ náà kò tíì pé oṣù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn eyín náà ló tẹ́ ẹ sí, tó fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, títí ojú rẹ̀ fi jọ ojú ẹni tó ti la ọ̀dá kọjá.

Orin kan wà nínú Bronwyn tí kò jẹ́ kọ sétí ẹnikẹ́ni, orin ọ̀gbẹ́ni Kovac, bàbá arúgbó tí kò ní eyín kankan mọ́ lẹ́nu, tó sì ń wá síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó ṣáà lè rí ẹni pe orúkọ òun. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọrin eyín ní Tamworth? Orin màlúù ni Bronwyn gbé wá.

Lọ́sàn-án, Clem kọrin tirẹ̀. Orin òkun ni. Bronwyn fi ìgúnpá gún Tegan. Ẹni tó ní ẹ̀yìn Bourke lòun ti wá, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n bí ojú, òun ló ń kọrin ìgbì! Èyí tó wá burú jù ni pé orin náà dùn.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ mu tíì, Bronwyn tọ Glenys lọ.

“Màmá, mi ò fẹ́ ṣòfófó o.”

“Ẹni tí ò fẹ́ ṣòfófó, kó jókòó dáadáa,” ni Glenys wí, ó sì fa àga fún un.

“Clem yìí. Ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ oko ni?”

Glenys fún ojú pọ̀. “Èmi náà ti ń gbọ́ òórùn nǹkan kan láti ìjẹta. Mi ò kàn mọ ara ẹni tó ti ń wá ni. Ó dáa. Lọ́la, kẹ́nikẹ́ni tó kọrin, á kọ́kọ́ sọ ibi tí orin ẹ̀ ti wá, lójú gbogbo èèyàn. Màá bi í dé gbòǹgbò. Màá bi gbogbo yín.”

“Gbogbo wa?”

“Kó má baà dà bíi pé a dájú sọ ọ́, ọmọ dáadáa.”

Bronwyn dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó yé e pé ẹsẹ̀ òun ló wà nínú pàkúté tóun dẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Clem lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi tó wà níta, níbi tó ti ń dúró kí wọ́n pè é. Ó pinnu pé kóun kọ́kọ́ tú u fó.

“Clem, àkẹtẹ̀ ẹ mọ́ jù.”

“Ẹ ṣé, Àǹtí Bron.”

“Mi ò yìn ọ́ o, mò ń bi ọ́ ni. Ṣé báyìí ni àkẹtẹ̀ àwọn tó ń da màlúù ń rí?”

Clem rẹ́rìn-ín. “Ti iṣẹ́ wà nílé, lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi ò jẹ́ kí n gbé e dé ilé ìdáná, ká má tíì sọ Tamworth. Ti ìgboro nìyí. Ta ló ń gbé àkẹtẹ̀ iṣẹ́ wá sígboro?”

Bronwyn tún gbìyànjú. “Tó o wá ń dorí ẹ̀ kodò ńkọ́?”

“Tí mo bá fi etí ẹ̀ gbé e kalẹ̀, etí náà á tẹ̀.” Ó wo ti Bronwyn. “Bíi tiyín yẹn.”

“Òkun tó ò ń kọ lórin ńkọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i láyé mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí màlúù. Kí ló tún kù tí n ó sọ nípa màlúù?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àǹtí Bron, ẹ má bínú o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ má kọ ẹ̀yìn àkẹtẹ̀ yẹn sí wọn. Ipa táyà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni. Táyà ọkọ̀ oko fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ìgbà wo lo ti rí i?”

“Ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé.”

“O ò sì sọ fẹ́nì kankan?”

“Kí n ní kí ni? Pé ọkọ̀ gun àkẹtẹ̀ yín?”

Bronwyn wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀sín ló wà níbẹ̀ tàbí àánú. Kò rí nǹkan kan. Ojú náà mọ́ bí àkẹtẹ̀ rẹ̀.

“Bronwyn Tulloch,” ni Glenys pè láti inú ilé, “ìwọ la máa fi bẹ̀rẹ̀.”

Ó dìde. Ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Clem, orí nísàlẹ̀, ẹnu lókè, ó sì wọlé.

Glenys ti wà lábẹ́ fọ́tò. “Ibo ni orin tìrẹ ti wá?”

“Penrith, Màmá. Ibi iṣẹ́ mi ni, lọ́dọ̀ dókítà eléyín.”

Tegan yí ojú sí i. Glenys gbé imú sókè díẹ̀.

“Màlúù ńkọ́?”

“Mi ò ní màlúù.”

Glenys kúrò lábẹ́ fọ́tò, ó wá jókòó sí ìlà iwájú. Bronwyn gbé gìtá lé itan. Ó dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì bẹ̀rẹ̀:

“Bàbá Josip Kovac, ẹ máa bọ̀, ó ti kàn yín.”